Ta Ni A Lè Pè Ní Aláìlẹ́gàn?

Ẹ kọ́kọ́ kà: Róòmù 4:1–8, Gẹ́nẹ́sísì 20, Lúùkù 18:9–14, Fílémónì 17–19.



Ní ọjọ́ ìsinmi tí a bá ń gba Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, àwa tí iṣẹ́ ìwé ìjọ wà lọ́wọ́ wa a máa kọ iye àwọn tí ó wá síbi tábìlì sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí a ti rí i pé iye yìí kò bá iye àwọn tí ó jókòó gbọ́ ìwàásù mu rárá. Bí orin tí ó tẹ̀lé ìwàásù bá ti ń parí lọ, àwọn kan a pa Bíbélì wọn dé, wọn a sì rọra gba ẹ̀yìn jáde. Kì í ṣe aláìbìkítà ni wọ́n. Àwọn míràn nínú wọn ni ó ń tètè dé jù lọ, owó ìjọ wọn kì í sì í pẹ́. Bí a bá bi wọ́n léèrè, ìdáhùn kan náà ni a ń gbọ́: ọwọ́ àwọn kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Oníṣòwò a ní bí ọjà ti rí ni kò jẹ́ kí òun lè jẹ́ olóòótọ́ tán. Òṣìṣẹ́ ìjọba a ní ohun tí ojú òun ń rí ní ọ́fíìsì kò ṣeé fi ẹnu sọ nínú ilé Ọlọ́run. Ẹni tí ó fi aya sílẹ̀ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀fà, tí ó sì ti ní ilé míràn níhìn-ín, a ní kí a má tilẹ̀ bèèrè.

A sì tún ní àwọn kan tí kò ṣiyèméjì nípa ara wọn rí, tí wọ́n sì mọ ẹni tí kò yẹ kí ó wá síbi tábìlì dáadáa. A fẹ́ kí àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn nínú ẹ̀kọ́ yìí, nítorí ìbéèrè kan náà ni ó ń da àwọn méjèèjì láàmú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan nìkan ni ó mọ̀.

Ìbéèrè náà nìyí: kí ni Ìwé Mímọ́ ní lọ́kàn nígbà tí ó bá pe ènìyàn ní aláìlẹ́gàn, tàbí olódodo, tàbí ẹni pípé? Bí a bá rò pé ẹni tí kò ṣẹ̀ rí ni ó túmọ̀ sí, nígbà náà ni Bíbélì yóò dà wá lọ́kàn rú. Nóà ni ẹni àkọ́kọ́ tí a pè bẹ́ẹ̀, ní Gẹ́nẹ́sísì 6:9. Ẹ ṣí orí 9:21, ẹ ó bá a nínú àgọ́ rẹ̀ tí ọtí ti pa á, tí aṣọ kò sí lára rẹ̀. Lúùkù 1:6 jẹ́rìí sí Sakaráyà àti Èlísábẹ́tì pé ìrìn wọn kò ní ẹ̀gàn. Kò ju ẹsẹ̀ mẹ́rìnlá lọ lẹ́yìn náà tí Sakaráyà fi di odi nítorí pé kò gba ohun tí áńgẹ́lì sọ fún un gbọ́. Jóòbù ńkọ́? Ọlọ́run fúnra Rẹ̀ ni ó fi í yangàn lójú Sátánì (1:8), síbẹ̀ inú eruku àti eérú ni ó ti ronú pìwà dà ní ìparí ìwé náà (42:6).

Ṣùgbọ́n Ábúráhámù ni a fẹ́ kí a dúró tì díẹ̀, nítorí òun ni Pọ́ọ̀lù mú wá gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí nínú Róòmù orí 4.

Ní Gẹ́nẹ́sísì 12, ìyàn mú, Ábúráhámù sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Íjíbítì, ó sì purọ́ pé arábìnrin òun ni Sárà, kí wọ́n má baà pa á. Ẹnìkan lè sọ pé ìgbà náà kò tíì mọ Ọlọ́run tán. Ó dára. Ní orí 15:6, ó gba Ọlọ́run gbọ́, Ọlọ́run sì ka ìgbàgbọ́ náà sí òdodo fún un. Ní orí 17:1, Ọlọ́run pè é kí ó máa rìn níwájú Òun, kí ó sì pé. A lè rò pé irọ́ ti tán nìyẹn. Ẹ wá ṣí orí 20. Ábúráhámù dé Gérárì, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹni ọgọ́rùn-ún ọdún, ó sì tún pa irọ́ kan náà, nípa obìnrin kan náà, nítorí ẹ̀rù kan náà. Bí ó bá jẹ́ ìwé ìjọ ni, akọ̀wé ìbá ti fi gègé pupa fa ìlà sí orúkọ rẹ̀.

Ẹ kíyè sí ohun méjì tí ó wà nínú orí náà. Èkíní, Bíbélì kò fi irọ́ náà pamọ́. Ábímélékì, ọba tí kò mọ Ọlọ́run Ábúráhámù, ni ó dúró bá a wí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì tọ́. Ábúráhámù kò rí èsì gidi kan fún un. Èkejì, nígbà tí Ọlọ́run bá Ábímélékì sọ̀rọ̀ lóru (ẹsẹ̀ 7), wòlíì ni Ó pe ọkùnrin onírọ́ yìí, Ó sì ní òun ni yóò gbàdúrà kí ọba náà lè yè. Ọlọ́run kò padà lọ pa ohun tí Ó ti kọ ní orí 15 rẹ́. Ohun tí a kà fún Ábúráhámù ní ọjọ́ tí ó gbàgbọ́ ṣì wà bẹ́ẹ̀ ní Gérárì, ìtìjú sì bá a níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá lè gba àwọn méjèèjì yìí mú pọ̀ ti mọ ìdajì ẹ̀kọ́ wa.

Ọ̀rọ̀ "kà sí" yìí gan-an ni ó yẹ kí oníṣòwò tètè mọ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣirò ni. Ẹ jẹ́ kí a mú un wá sí ọjà ohun èlò ilé kíkọ́ tí ó wà níhìn-ín ní Ogidi. Ọmọkùnrin kan ti ilé dé, kò ní owó, kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ta ni yóò fi irin tàbí páànù fún un láwìn? Kò sí. Ṣùgbọ́n bí àgbà oníṣòwò kan tí ọjà mọ̀ bá dìde tí ó sọ pé, "Ẹ kó o fún un, èmi ni mo dúró fún un," ọjà a jáde. Orúkọ ọmọ náà ni a kọ sínú ìwé gbèsè, ṣùgbọ́n orúkọ onígbọ̀wọ́ ni ọlọ́jà ń wò. Bí ọmọ náà kò bá rí owó san, tí onígbọ̀wọ́ sì wá san án tán, a ó fa ìlà sí gbèsè náà. Bí ọ̀tá bá dé ní ọjọ́ kejì tí ó ní, "Ajigbèsè ni ọmọ yìí," ọlọ́jà a ṣí ìwé, yóò sì ní kò jẹ òun ní kọ́bọ̀. Ṣé ọmọ náà ni ó san án? Rárá. Ṣé ó ṣì jẹ gbèsè? Rárá. Òtítọ́ ni àwọn méjèèjì.

Hébérù 7:22 pe Jésù ní onígbọ̀wọ́. Pọ́ọ̀lù náà ṣe irú iṣẹ́ yìí lórí Ónẹ́símù, ẹrú tí ó sá kúrò lọ́dọ̀ Fílémónì: ó ní bí ó bá jẹ ẹ́ ní gbèsè, kí a kọ ọ́ sí ọrùn òun, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun yóò san án. Àwa kò fẹ́ fa àpèjúwe yìí kọjá ibi tí ó lè dé, nítorí onígbọ̀wọ́ ọjà ṣì lè padà wá gbá aṣọ ajigbèsè mú lójú títì. Ṣùgbọ́n ó fi hàn wá pé kì í ṣe irọ́ ni Ọlọ́run ń pa nígbà tí Ó bá pe ẹlẹ́ṣẹ̀ ní olódodo. Kò sọ pé gbèsè kò sí rí. Ó sọ pé a ti san án, Ó sì mọ Ẹni tí ó san án.

Ọ̀rọ̀ kejì jẹ́ ti ilé ẹjọ́. Nínú ẹjọ́ àwọn baba wa, ohun méjì ni ó ń tẹ́nu onídàájọ́ jáde: àre àti ẹ̀bi. Ẹni tí a dá láre ń lọ sílé, kódà bí ojú rẹ̀ kò bá wu àwọn tí ó wá wòran. Nínú Lúùkù 18, Farisí àti agbowó-òde lọ sí tẹ́ńpìlì. Kí ẹ̀yin tí ń bá ìjọba ìbílẹ̀ gba owó orí àti owó ìsọ̀ tẹ́tí dáadáa, nítorí iṣẹ́ yín ni iṣẹ́ ọkùnrin yìí. Farisí ka iṣẹ́ rere rẹ̀ sílẹ̀, kò sì sí èyí tí ó jẹ́ irọ́ nínú wọn. Ó gbààwẹ̀, ó san ìdámẹ́wàá. Agbowó-òde kò ní ohun kan tí yóò kà. Ó lu àyà rẹ̀, ó tọrọ àánú. Olúwa wa ni òun ni ó lọ sílé pẹ̀lú ìdáláre. Kò fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ náà, kò tíì dá owó ẹnìkan padà, kò tíì rí àyè di ènìyàn rere lójú àwọn aládùúgbò. Ọwọ́ òfo ni ó fi gba àre.

Ó wú wa lórí pé ìwé Róòmù, tí ẹ̀kọ́ yìí ti jinlẹ̀ jù lọ, wà lára àwọn ìwé Bíbélì tí Yorùbá kọ́kọ́ rí kà ní èdè wọn. Ní 1850 ni Róòmù tí Samuel Ajayi Crowther túmọ̀ jáde ní ìtẹ̀jáde, ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú kí odidi Bíbélì Yorùbá tó pé ní àárín àwọn ọdún 1880. Ìgbésí ayé Crowther yìí kan náà ni ó sì mú ẹ̀kọ́ wa wá sí ẹnu ọ̀nà ibi tí a ń gbé.

Ọmọ Òṣogùn ni. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á sílẹ̀ ní 1822. Ní oṣù keje 1857 ó gúnlẹ̀ sí Onitsha nínú ọkọ̀ Dayspring, ó sì fi Àlùfáà John Christopher Taylor sílẹ̀ níbẹ̀ kí iṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀. Sierra Leone ni a bí Taylor sí, ṣùgbọ́n Ìgbò ni àwọn òbí rẹ̀. Láti ọ̀dọ̀ àwọn CMS tí ó fi Onitsha ṣe ibùdó ni ọ̀rọ̀ náà ti tàn dé àwọn ìlú bí Obosi àti Ogidi tí a wà yìí. Ní 29 oṣù kẹfà 1864, ní Canterbury, a fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ẹni dúdú àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà nínú ìjọ Áńgílíkà. Àwọn ọmọ Áfíríkà ni ó bá a ṣiṣẹ́ lójú odò Ọya, ọ̀pọ̀ nínú wọn láti Sierra Leone.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ṣe dáadáa. Kò yẹ kí ìfẹ́ tí a ní sí bàbá wa mú wa fi èyí bò. Àwọn kan ń ṣòwò mọ́ iṣẹ́ ìhìnrere. Ní 1882, ilé ẹjọ́ ní Freetown dá àwọn kan tí ó ti ṣiṣẹ́ fún míṣọ́n ní Onitsha lẹ́bi nítorí ikú ọmọbìnrin ẹrú kan tí wọ́n lù. Ó burú, ó sì burú gan-an. Àwọn òpìtàn kan tilẹ̀ ti sọ pé Bíṣọ́ọ̀bù lọ́ra jù láti bá àwọn ènìyàn rẹ̀ wí.

Nígbà tí ó fi máa di òpin àwọn ọdún 1880, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì dé, J. A. Robinson tí ó jẹ́ akọ̀wé míṣọ́n, àti Graham Wilmot Brooke tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Olùfọkànsìn ni wọ́n. Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀kọ́ ìwà mímọ́ tí ó gbilẹ̀ ní England láti ìpàdé Keswick, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1875: pé onígbàgbọ́ lè gbé ìgbé ayé ìṣẹ́gun lórí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tí ó bá mọ̀. Ohun rere pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ náà fún ẹni tí yóò fi yẹ ara rẹ̀ wò. Àwọn wọ̀nyí fi yẹ ẹlòmíràn wò. Ní oṣù kẹjọ 1890, ní ìpàdé ìgbìmọ̀ ìnáwó ní Onitsha, níbi tí Bíṣọ́ọ̀bù tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún jókòó, wọ́n dá ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ dúró lẹ́nu iṣẹ́. Archdeacon Dandeson Crowther, ọmọ bíbí inú Bíṣọ́ọ̀bù, wà lára wọn. Àwọn ẹ̀sùn kan jẹ́ òótọ́. Ọ̀pọ̀ sì dúró lé orí ọ̀rọ̀ àgbọ́sọ. A gbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Bàbá arúgbó náà fi ìgbìmọ̀ sílẹ̀. Ó kú ní Èkó ní 31 oṣù kejìlá 1891, ẹni funfun ni wọ́n sì fi rọ́pò rẹ̀. Robinson ti kú ṣáájú rẹ̀ ní ọdún kan náà, Brooke kú ní 1892. A kò sọ èyí láti yọ̀. Àwọn náà fi ẹ̀mí wọn sílẹ̀ sí ilẹ̀ yìí nítorí ìhìnrere. Ọdún 124 lẹ́yìn ìpàdé Onitsha, ní oṣù kẹfà 2014, ní Canterbury kan náà tí a ti fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù, Archbishop Justin Welby tọrọ ìdáríjì ní gbangba fún bí a ti ṣe sí i.

Kí ni ó fa irú ìbàjẹ́ bẹ́ẹ̀? Ìgbéraga àwọ̀ wà nínú rẹ̀, a kò lè sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ó jọ wá lójú pé ohun kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí kò ní àwọ̀, tí ó lè wà nínú ìjọ kékeré bí tiwa. Wọ́n gbà pé ìwé ìwà ènìyàn ni ó ń sọ bóyá ó jẹ́ ti Ọlọ́run. Ẹni tí ó bá gbà bẹ́ẹ̀ kò ní ibòmíràn láti lọ ju kí ó máa wá àbàwọ́n kiri, nítorí bí òun kò bá rí ti ẹlòmíràn, yóò ní láti jókòó ti ara rẹ̀. Gbogbo alángbá ni ó dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ẹni tí ó mọ̀ pé nínú ìwé onígbọ̀wọ́ ni orúkọ òun náà wà yóò lè bá ẹlẹ́ṣẹ̀ wí, yóò tilẹ̀ lè dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ bí ó bá tọ́, ṣùgbọ́n yóò gbọ́ ẹnu rẹ̀ ná, kò sì ní lé e kúrò níwájú Ọlọ́run.

Àwọn ará Ogidi náà mọ ìrora kí ènìyàn máa kà ọ́ sí ohun tí Ọlọ́run kò kà ọ́ sí. Chinua Achebe, tí bàbá rẹ̀ Isaiah jẹ́ olùkọ́ ìhìnrere CMS, fi hàn nínú ìwé rẹ̀ ti 1958 bí àwọn osu, tí ìlú ti yà sọ́tọ̀ fún òrìṣà tí kò sì sí ọmọ bíbí ìlú tí yóò bá wọn jẹun, ṣe wá wọ ìjọ, tí àwọn onígbàgbọ́ mìíràn sì kọ́kọ́ kùn sí i. Ní 1956 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìlà-Oòrùn fi òfin pa àṣà náà rẹ́. Òfin kò tètè wọ inú ọkàn, bí àwọn ọ̀rẹ́ wa tí ó bá ń wá ìyàwó fún ọmọ wọn ti ń sọ.

Wàyí o, ẹnìkan yóò sọ pé bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, kí a kúkú máa ṣe bí ó ti wù wá. Pọ́ọ̀lù ti gbọ́ ìyẹn ṣáájú wa; ìdí nìyẹn tí orí kẹfà fi tẹ̀lé orí karùn-ún nínú Róòmù. Ẹ tún wo Sákéù ní Lúùkù 19, agbowó-òde mìíràn. Jésù kò dúró dìgbà tí ó bá dá owó padà kí Ó tó wọ ilé rẹ̀. Ó wọlé ná. Lẹ́yìn ìgbà tí Ó wọlé ni Sákéù dìde tí ó ní òun yóò san án padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tí ó bá yí ètò yẹn padà yóò wà lórí igi títí di òní. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó bá gba Jésù sílé, tí kò sì dárúkọ owó náà rárá, kò yẹ kí ó fi ìdánilójú tan ara rẹ̀. Ohun tí Jákọ́bù orí 2 ń bá jà nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bí ó ti rí. Irin tí a ń tà ní 12 mm tí kò sì pé 12, ilé ènìyàn ni yóò gbé e. Ìgbàgbọ́ kò sọ ọ́ di 12. Fáìlì tí a fi sábẹ́ tábìlì títí olúwarẹ̀ yóò fi rí nǹkan mú wá, opó kan lè máa dúró dè é. Ìgbàgbọ́ kò fọ èyí mọ́ kí a lè máa bá a lọ. Ẹni tí ó ní ilé méjì ní láti bá àwọn alàgbà jókòó, nítorí obìnrin méjì àti àwọn ọmọ ni ọ̀rọ̀ náà wà lọ́rùn wọn, kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. A sì rántí pé nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń kọ́ Tímótíù àti Títù bí a ti ń yan olórí ìjọ, ó ní kí ó jẹ́ aláìlẹ́gàn, ìyẹn ẹni tí aráyé kò rí ẹ̀sùn gidi mú wá sí i lọ́rùn. Ìwọ̀n ti ipò nìyẹn. Kì í ṣe òun ni ìwọ̀n tí a fi ń wọlé sọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ẹni tí a kò lè fi ṣe alàgbà lónìí lè jẹ́ ẹni tí Ọlọ́run ti dá láre, ó sì yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún un bẹ́ẹ̀.

Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ gbé ìwọ̀n méjèèjì yìí rí. Ní Fílípì 3:6 ó ní ní ti òfin, òun kò ní ẹ̀gàn. Ìwé rẹ̀ mọ́ ju ti gbogbo wa lọ. Ó sì kà á sí àdánù nítorí Kristi. Ó jẹ́wọ́ ní ẹsẹ̀ 12 pé òun kò tíì pé, síbẹ̀ ní ẹsẹ̀ 15 ó ń bá àwọn tí ó pé sọ̀rọ̀, ó sì fi ara rẹ̀ kún wọn. Ẹni tí ń sáré tí ojú rẹ̀ kò kúrò níbi tí ó ń lọ ni ó pè bẹ́ẹ̀. Ẹ tún ka Kólósè 1:22–23: Kristi yóò mú wa wá síwájú Ọlọ́run láìní ẹ̀gàn, bí a bá dúró nínú ìgbàgbọ́. Ìdúró ni ó béèrè lọ́wọ́ wa.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ẹ̀kọ́ ìjọ kan ṣoṣo nìyí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a jọ ń tajà níhìn-ín jẹ́ Kátólíìkì, a sì ti gbọ́ tí wọ́n ń bá àwọn ènìyàn wa jiyàn lórí ìgbàgbọ́ àti iṣẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ní 31 oṣù kẹwàá 1999, ní Augsburg ní Jámánì, Ìjọ Kátólíìkì àti àjọ àwọn ìjọ Lúútà lágbàáyé fọwọ́ sí ìwé kan pé nípa oore-ọ̀fẹ́ nìkan, nínú ìgbàgbọ́ sí iṣẹ́ ìgbàlà Kristi, láìka iṣẹ́ kankan tí ọwọ́ wa ṣe, ni Ọlọ́run fi ń gbà wá. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì fara mọ́ ọn ní 2006. Nǹkan kù tí wọn kò tíì fẹnu kò lé lórí, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe nǹkan kékeré lẹ́yìn nǹkan bí 480 ọdún àríyànjiyàn.

A padà sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ilé ìsìn wa. Ọ̀rọ̀ tí àwọn tí ń jáde máa ń tọ́ka sí wà ní 1 Kọ́ríńtì 11:27, nípa ẹni tí ó jẹ tí ó sì mu láìyẹ. Ẹ ka ẹsẹ̀ 20 sí 22 kí ẹ tó dé ibẹ̀. Kí ni àwọn ará Kọ́ríńtì ṣe? Àwọn olówó ń jẹ tiwọn ṣáájú, ebi ń pa àwọn aláìní, àwọn mìíràn tilẹ̀ ti mutí yó lẹ́bàá tábìlì náà. Ìwà tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́ ni Pọ́ọ̀lù ń bá wí. Kò sọ pé kí ẹni tí ó ń sunkún nítorí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ máa lọ sílé. Ní ẹsẹ̀ 28, ó ní kí ènìyàn wádìí ara rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ó jẹ. Àwọn ará wa ń ṣe èkíní fún ọdún púpọ̀, wọn kò sì ṣe èkejì. Nínú ìṣirò àwa akọ̀wé, ìdajì àṣẹ ni wọ́n ti ń pa mọ́.

Ìwé orúkọ fún Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa ti ọjọ́ ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù tí ń bọ̀ yóò wà lórí tábìlì kékeré lẹ́yìn, láti òní lọ. Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ tí ó ní láti tún ṣe, ìbáà jẹ́ owó tàbí ilé tàbí ìjà, kí ó rí èyíkéyìí nínú àwọn alàgbà lẹ́yìn ìpàdé àdúrà ọjọ́ Ọjọ́rú. A kò ní pè é ní orúkọ níwájú ìjọ. Àwọn tí ó wá láti Ọjà Ńlá ní Onitsha, tí ọkọ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n tètè dé, a ó dúró dè wọ́n títí di aago mẹ́jọ alẹ́.